ÌDÍ TÍ PỌ́ǸPÙ WA FI DÁKẸ́
Ẹ̀kọ́ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn òbí wọn

 

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama gbé ìwé rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi. Ìdánwò rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo ti kọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé Social Studies yìí sórí, ṣùgbọ́n kò yé mi. Bàbá mi tilẹ̀ ní kí n gbé e jù sílẹ̀ kí n lọ pọn omi, pé kí ni ọmọ àgbẹ̀ fẹ́ fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe."

Mo bi í pé, "Níbo ni o ti fẹ́ lọ pọn omi ọ̀hún?" Ó ní odò ni, nítorí pé pọ́ǹpù ti bàjẹ́. Mo ní, "Kí ló dé tí a kò tún un ṣe?" Ó wo ilẹ̀, kò lè dáhùn. Mo sọ fún un pé ìdáhùn ìbéèrè náà wà nínú ìwé tó fi há abíyá yẹn.

Ọ̀rọ̀ tí èmi àti ọmọ náà jọ sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù lè rí i kà, kí àwọn òbí náà sì lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé wọn ni àwọn ọmọ wọn ń kọ́.

Kí ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún?

Bí àgbàdo bá pupa lójú, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni yóò sọ fún wa bóyá ajílẹ̀ ló kù díẹ̀ ni tàbí omi ló pọ̀ jù. Bí ara bá gbóná, ẹ̀kọ́ ìlera ni yóò sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ènìyàn rere, tí kò sí olè nínú wọn, tí kò sí ọ̀lẹ nínú wọn, bá jọ fi ọwọ́ ara wọn jẹ́ kí ohun tó ń ṣe gbogbo wọn láǹfààní bàjẹ́, ẹ̀kọ́ wo ni yóò sọ ìdí rẹ̀? Ẹ̀kọ́ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀kọ́ òyìnbó nìkan ni. Ọmọ Yorùbá kan, N. A. Fadipe, kọ ìwé ńlá nípa bí àwa Yorùbá ṣe ń gbé pọ̀, ó sì fi í gba oyè gíga ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939. Ikú pa á ní 1944 kí a tó tẹ ìwé náà. Ní 1970 ni Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ ẹ́ jáde. Ilé, ẹbí, ìgbéyàwó, oyè, ọjà, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ohun tí ìyá wa ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé lójoojúmọ́ ni ọ̀mọ̀wé yìí jókòó tì, tó sì kọ sílẹ̀.

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì gbé wọn lọ sí ìdí pọ́ǹpù.

1. Ẹgbẹ́

Ní 1909, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Charles Cooley, pe irú ẹgbẹ́ kan ní ẹgbẹ́ àkọ́kọ́. Èyí ni ẹgbẹ́ tí a ti mọ ara wa lójú, tí a mọ orúkọ ọmọ ara wa, tí a kì í béèrè ìwé rìsíìtì lọ́wọ́ ara wa: ìdílé ẹni, àwọn ọ̀rẹ́ ìgbà èwe, àwọn aládùúgbò tí a jọ ń mu iná lówùúrọ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e wá sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ kejì: èyí tí iṣẹ́ kan pàtó mú wa dá sílẹ̀, tó ní akọ̀wé, tó ní ìwé owó, tó ní òfin. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jẹ́ ẹgbẹ́ kejì. Ìgbìmọ̀ pọ́ǹpù wa náà jẹ́ ẹgbẹ́ kejì.

Ní ibùdó yìí, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ wa lágbára gan-an. Bí obìnrin bá bímọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni igi ìdáná àti omi gbígbóná ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì pe ìpàdé lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì ni kò tíì múlẹ̀ láàrin wa. A ń retí pé kí pọ́ǹpù máa rìn bí omi gbígbóná ti ìyá ọlọ́mọ ṣe ń rìn, láìsí ìwé, láìsí ìpàdé. Kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń pọn omi níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó mọ ara wọn lójú lọ.

2. Tiwa àti tiwọn

Ní 1906, ará Amẹ́ríkà mìíràn, William Graham Sumner, kọ ìwé kan tó fi hàn pé kò sí ibi tí ènìyàn wà tí kì í pín ayé sí méjì: àwa, àti àwọn yòókù. A ó máa fi àṣà tiwa wọn àṣà tiwọn, tiwọn yóò sì máa kúrú lójú wa.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣín. Àwọn obìnrin Núpé láti abúlé iwájú wa a máa wá pọn omi ní pọ́ǹpù wa. Ní ọjọ́ kan tí ìlà gùn, ẹnìkan nínú wa ní kí wọ́n padà sílé, pé pọ́ǹpù Yorùbá ni. Wọ́n gbé agbada omi wọn, wọ́n lọ, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ wọn ló máa ń bá wa fa páìpù sókè nígbà tí rọ́bà inú rẹ̀ bá jẹ. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti wá mọ́. Nígbà tí rọ́bà tún jẹ, àwa nìkan la dúró yí páìpù ká, a ń wo ara wa lójú. Omi kò lọ́tàá, àwa la wá ọ̀tá fún omi.

Àwọn àgbà tó wà láàrin wa mọ bí ọ̀rọ̀ tiwa àti tiwọn ṣe máa ń korò lẹ́nu. Ní 18 November 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó jáde. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó kó ẹrù wá sílé: àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbòho, Ṣakí, tí ẹlòmíràn nínú wọn kò mọ ilé baba rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, ní January 1983, ìjọba Nàìjíríà náà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó jẹ́ "tiwọn" níjọ́sí ti di "tiwa", ó sì ń nawọ́ sí ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn pẹ̀lú: Dókítà K. A. Busia tó jẹ́ olórí ìjọba Gánà ní 1969 jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá yìí gan-an. Èyí fi hàn pé mímọ ọ̀rọ̀ náà sórí kò tó. Ohun tí a bá fi ṣe ni iṣẹ́.

3. Ipò àti ojúṣe

Ipò ni ibi tí ènìyàn dúró sí láàrin àwùjọ. Ojúṣe ni ohun tí àwùjọ ń retí kí ẹni tó wà ní ipò náà máa ṣe. Ralph Linton ló ṣe àlàyé èyí dáadáa nínú ìwé tó kọ ní 1936. Ó ní ipò jẹ́ oríṣi méjì. Ọ̀kan jẹ́ àbímọ́ni: kò sí ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí kó tó di àrẹ̀mọ tàbí kó tó di obìnrin. Èkejì jẹ́ èyí tí a fi ọwọ́ ara ẹni wá: tíṣà, akápò, alága.

Wàhálà wà níbi pé ènìyàn kan ṣoṣo lè wà ní ipò mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí ojúṣe wọn sì máa bá ara wọn jà. Alága ìgbìmọ̀ pọ́ǹpù wa tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sí olóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ gbèsè owó omi jù lọ jẹ́ baba ìyàwó rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ Yorùbá wo ni yóò lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà àna rẹ̀, tí yóò ní, "Bàbá, ẹ mú owó wá"? Ó ní láti dọ̀bálẹ̀ ná! Bí ó bá béèrè, ó ti rí àna fín. Bí kò bá béèrè, kò ṣe ojúṣe alága. Ó dákẹ́. Nígbà tí àwọn yòókù rí i pé ẹnìkan kò san, tí a kò sì bi í, wọ́n dáwọ́ dúró.

A bú ọkùnrin náà títí ó fi kọ̀wé sílẹ̀. Ìwé ọmọ yìí ì bá ti kọ́ wa pé kì í ṣe ìwà rẹ̀ ló bàjẹ́, ojúṣe méjì ló kọlu ara wọn. Ìwòsàn rẹ̀ kò sì ṣòro: kí ẹni tí yóò máa gba owó má jẹ́ ará ilé kan náà pẹ̀lú ẹni tí yóò san án. Kí ará apá òkè máa gba ti apá ìsàlẹ̀, kí ti ìsàlẹ̀ máa gba ti òkè.

4. Ìlànà àti ìjìyà

Ìlànà ni ohun tí àwùjọ gbà pé ó tọ́ láti máa ṣe. Ọmọ tó jí lówùúrọ̀ tí kò kí baba rẹ̀ kò rú òfin ìjọba kankan, ọlọ́pàá kò sì ní í mú un, ṣùgbọ́n gbogbo agbolé ni yóò bi í pé irú ọmọ wo nìyí. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìjìyà rẹ̀. Nítorí náà, ìjìyà kì í ṣe ẹgba tàbí owó ìtanràn nìkan. Ojú burúkú, àṣà dídá, ẹ̀fẹ̀, orin, gbogbo wọn jẹ́ ìjìyà. Ọ̀nà kejì rẹ̀ ni ẹ̀san rere: oríkì, ìyìn, àtẹ́wọ́, ipò ọlá níbi ìnáwó.

Ìlànà pọ́ǹpù wà nínú ìwé: kí ilé kọ̀ọ̀kan máa san owó lóṣooṣù. Kí ni a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípa ẹni tí kò bá san? Kò sí nǹkankan. Fún ìgbà pípẹ́ a kò ṣe nǹkankan rárá. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àwọn ọ̀dọ́ kan bínú, wọ́n gba gálọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan tí kò lẹ́nìkan. Ọ̀rọ̀ yí padà. Àánú ìyá náà ṣe gbogbo ènìyàn, a gbàgbé gbèsè, ìgbìmọ̀ la wá ń bú.

Ẹ rí i pé àṣìṣe méjì ni a ṣe. Ìlànà tí kò ní ìjìyà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìjìyà tó wúwo ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ a máa pa ìlànà fúnra rẹ̀.

5. Àpò méjì

Mo fẹ́ kí àwọn òbí ka apá yìí dáadáa. Ní 1975, ọ̀mọ̀wé ọmọ Nàìjíríà kan, Peter Ekeh, kọ àlàyé kan tí a ṣì ń kọ́ ní yunifásítì káàkiri ayé títí di òní. Ó ní àwa tí òyìnbó jọba lé lórí ní Áfíríkà ní àwùjọ méjì. Ọ̀kan ni ti ìlú ẹni àti ẹ̀yà ẹni. Ojú ń tì wá níbẹ̀. Ẹni tó bá jí owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ó ti fi orúkọ baba rẹ̀ wọ́lẹ̀. Èkejì ni ti ìjọba, tí òyìnbó gbé dé. Lójú àwọn baba wa, owó ibẹ̀ kì í ṣe owó ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá rí nǹkan mú níbẹ̀, tó sì gbé e wálé, a lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọlọgbọ́n. Òyìnbó ti lọ ní 1960, ṣùgbọ́n èrò náà kò bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ní oṣù tí pọ́ǹpù bàjẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní ibùdó yìí dá owó lọ sílé fún iṣẹ́ ìlú. Kò sí ẹni tó jẹ gbèsè kọ́bọ̀. Owó rọ́bà pọ́ǹpù kò tó nǹkankan lára owó náà, kò sì pé. Àwọn ènìyàn kan náà ni, àpò kan náà ni owó ti jáde. Ohun tó yàtọ̀ ni pé "tiwa" ni ọ̀kan, "ti ìjọba" ni èkejì, nítorí pé ìjọba ló gbẹ́ ẹ.

N kò yọ ara mi sílẹ̀. Nígbà tí mo wo ìwé owó omi kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, mo rí i pé èmi tí mo jẹ́ òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ibùdó jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta. Mo sì ti san ti ẹgbẹ́ ìlú mi títí dé ìparí ọdún. Mo ti san gbèsè náà báyìí, ṣùgbọ́n ojú tì mí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí oko ìjọba. Lẹ́yìn tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, àwọn ọmọ tó jáde ilé ẹ̀kọ́ pọ̀, iṣẹ́ kò sì kárí wọn. Nígbà tó fi di 1960, ìjọba ti ń dá ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ní àpẹẹrẹ moshav ti àwọn ará Ísírẹ́lì. Ilé wà, ẹ̀rọ wà, a sì ń fún wọn ní owó oúnjẹ. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ibùdó sílẹ̀. Rọ́bà àti ọ̀pẹ máa ń pẹ́ kí wọ́n tó so èrè, iṣẹ́ ìgboro sì ń pè wọ́n. Ní moshav, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló ń yan ìgbìmọ̀ wọn, tí wọ́n jọ ń rà, tí wọ́n jọ ń tà. Ilé àti ẹ̀rọ rọrùn láti rà wá láti òkè òkun. Ìgbàgbọ́ pé "tiwa ni" kò ṣeé rà.

6. Ohun àjọni

Ní 1968, Garrett Hardin kọ̀wé pé bí pápá ìjẹko bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, darandaran kọ̀ọ̀kan yóò máa fi màlúù kún tirẹ̀ títí pápá yóò fi run, nítorí pé èrè màlúù jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n àdánù pápá jẹ́ ti gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀: kí ìjọba gbà á, tàbí kí a tà á fún ẹnìkan.

Obìnrin kan, Elinor Ostrom, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó wo àwọn ibi tí ohun àjọni kò ti bàjẹ́, ó sì kọ ìwé rẹ̀ ní 1990. Ó rí abúlé kan ní orí òkè Switzerland, Törbel, tí ìlànà ìjẹko wọn ti wà nínú ìwé láti 1517: kí ẹnikẹ́ni má kó màlúù lọ sí òkè ju iye tó lè bọ́ nígbà òtútù lọ. Ó rí àwọn àgbẹ̀ Spain àti ti Philippines tí wọ́n ti ń pín omi oko láàrin ara wọn tipẹ́tipẹ́. Ní 2009 ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀.

Ohun tó rí níbi gbogbo tí nǹkan ti dára kò le. Àwọn tó ni ín mọ ara wọn, wọ́n sì mọ iye wọn. Àwọn tó ń lò ó ló ṣe òfin rẹ̀. Ẹnìkan wà tó ń ṣọ́ ọ, òun náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìjìyà kékeré ló ṣáájú, ńlá tẹ̀ lé e. Ibì kan wà nítòsí tí a ti ń parí ìjà láìná owó púpọ̀. Àwọn aláṣẹ sì jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Ọmọ náà ka èyí tán, ó ní, "Sà, ọ̀kan ṣoṣo la ní nínú rẹ̀." Mo ní èwo ni? Ó ní, "Ọ́fíìsì yín kò dí wa lọ́wọ́." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí wọ́n bá bi yín ní ìdánwò, ẹ má ṣe kọ ìtumọ̀ nìkan. Ẹ kọ ìtumọ̀, kí ẹ sì fi àpẹẹrẹ kan láti ilé yín tì í lẹ́yìn. Kí ẹ tó wọ ìdánwò, ẹ ṣe iṣẹ́ mẹ́ta yìí:

(1) Kọ gbogbo ipò tí ìyá rẹ wà sílẹ̀, kí o sì wá ibi tí ojúṣe méjì ti ń kọlu ara wọn.

(2) Béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe ìtọ́jú kànga tàbí odò ní ìlú rẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, àti ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá ba omi jẹ́.

(3) Ka ilé gbogbo tó ń pọn omi ní pọ́ǹpù wa. Kí o ka ti abúlé iwájú mọ́ ọn.

Ọmọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣe ẹ̀kẹta. Bàbá rẹ̀ tó ní kó gbé ìwé jù sílẹ̀ ló bá a lọ sí abúlé Núpé, nítorí pé ó gbọ́ èdè wọn. Wọ́n gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Baálé abúlé náà ní àwọn kò bínú nítorí omi, ọ̀rọ̀ tí a sọ ló dùn wọ́n, àti pé páìpù náà kò wúwo fún àwọn bí a bá ránṣẹ́.

Nítorí náà, ìpàdé yóò wà lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ọ́fíìsì ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn ará abúlé iwájú yóò wá. Ohun tí a ó sọ ni: àwọn wo ló ni pọ́ǹpù, ta ni yóò máa gba owó, kí ni a ó ṣe fún ẹni tó bá gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, kí sì ni a ó ṣe fún ẹni tó bá gbàgbé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́wọ́ wá, kó lè máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ìyá tí wọ́n gba gálọ́ọ̀nù rẹ̀ ní òun yóò wá pẹ̀lú. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó gbà á dá a padà kí ọjọ́ náà tó pé.